Èémí Gígùn Tí Mo Wá Nítorí Ìbídùn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́ tẹnu mi. Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́, kó tètè hú u tán, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá já ìtàn yìí mọ́ mi lẹ́nu, ẹkún ni màá sun dípò ìyókù rẹ̀. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọdẹ Òkè-Àparò. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Ẹtu tó bá gbọ́ pé mo ti wọ igbó kan, ńṣe ló ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ láti pín ogún fún wọn. Mo ti fi ẹsẹ̀ lásán lé ehoro bá rí, mo sì gbá a létí kí n tó gbé e. Láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì, kò sí ohun abẹ̀mí tó lè bá mi sá a, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè mí ní Mànàmáná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí eré àwa ọdẹ Òkè-Àparò ṣe rí fún ẹni tí kò mọ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa, èèwọ̀ ni kí ọdẹ la ẹnu nígbà tó bá ń lé ẹran. Àwọn bàbá wa ní ẹ̀mí ẹran máa ń gba ẹnu tó ṣí wọlé sínú ọdẹ. Nítorí náà, a máa ń pa ẹnu dé gbọn-in, a ó di eyín, a ó ju ara wa síwájú bí òkò, títí ẹran á fi ṣubú tàbí títí àwa fúnra wa á fi ṣubú. Eré wa gbóná, àmọ́ kì í pẹ́. Kò sì sẹ́ni tó kà á sí, torí pé ìbọn wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti Ìbídùn. Ọmọ ìyá tó ń ṣe èkuru tà lẹ́bàá ojúde ni. Bí Ìbídùn bá rẹ́rìn-ín, ẹ óò rò pé ẹnìkan ṣí fèrèsé nínú yàrá tó ti pẹ́ tó ti ṣókùnkùn. Èmi tí mo ti wo ẹkùn lójú tí ojú mi kò ṣẹ́, bí ọmọbìnrin yìí bá wò mí, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára bí òjò ṣe ń wọ ilẹ̀ gbígbẹ. Bí mo bá pa ìgalà, itan rẹ̀ tó dára jù, ti Ìbídùn ni. Màá já wọ ilé wọn lójijì, màá sọ ẹran sílẹ̀, màá ní, "Ìbídùn, ìfẹ́ rẹ ń jó mi lọ́kàn." Òun á ní, "Ọdẹ́rìndé, ṣé o ò ní jókòó mu omi ni?" Èmi á ní, "Omi wà nínú igbó, olólùfẹ́ mi," kó sì tó na ọwọ́ sí ife, mo ti dé ẹ̀yìn ilé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo rò pé kò sí ọkùnrin tó mọ ìfẹ́ í ṣe tó mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìbídùn àti ìyá rẹ̀ lọ já ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n èkuru ní etí Igbó Àìdúró. Ẹ mọ igbó náà. Ibẹ̀ ni Arìnmásinmi ti ń jọba, ọba tí kì í dúró, tí òun àti gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀ ń rìn yí igbó ká tọ̀sán-tòru. Bí wọ́n bá kí ọ tí o bá dáhùn, ẹsẹ̀ rẹ á bọ́ sí ìrìn wọn, kò sì ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìyá Ìbídùn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń kọjá, tí ọba ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ìyá fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbídùn jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé o, ẹ kú ìrìn." Ìdì ewé bọ́ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbà á lọ. Nígbà tí mo dé ilé wọn, ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹnu tí mo kọ́ láti máa kí ènìyàn, òun náà ni wọ́n fi mú un lọ." Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, ọmọ mi, ẹsẹ̀ rẹ tí gbogbo ìlú ń sọ yìí, ṣé ó wúlò?" Mo ní, "Ìyá, ẹ gbé omi kaná. Kí ó tó hó, èmi àti ọmọ yín á ti dé."

Mo sáré wọ Igbó Àìdúró. Ohun tí mo rí níbẹ̀, bí mi ò bá jẹ́ ọdẹ, ǹ bá ti padà sẹ́yìn. Àwọn obìnrin gbé ààrò rù, iná ń jó lábẹ́ ìkòkò lórí wọn, wọ́n ń ro ọkà bí wọ́n ṣe ń rìn. Àwọn igi fa gbòǹgbò wọn yọ, wọ́n ń tẹ̀ lé èrò bí arúgbó tó mú ọ̀pá. Ọba náà wà níwájú, ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé gbígbẹ, àwọn ẹyẹ kéékèèké ń sùn nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Kò ga, kò kúrú, kò jọ àgbà, kò jọ ọmọdé. Ìrìn rẹ̀ kò dà bí ìrìn ẹni tó ń kánjú, síbẹ̀ mo ní láti sáré kí n tó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín èrò ni mo ti rí Ìbídùn tó ń sunkún. Mo ní, "Kábíyèsí, ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi ni mo wá mú." Ó ní, "Ó dára. Òfin wa kò le. Bá mi rìn láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi bọ́ sínú odò. Màá máa bi ọ́ léèrè, ìwọ á máa dá mi lóhùn. Bí ohùn rẹ bá já, o pàdánù. Bí kò bá já, tí o sì fọwọ́ kan ẹ̀wù mi kí n tó dé etídò ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà ṣí fún Ìbídùn láti lọ." Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni ìrìn? Mo pa ẹnu dé, mo di eyín, mo bẹ́ síwájú bí mànàmáná tí wọ́n ń pè mí, mo fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí mo dúró láti mí, ọba náà ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní, "O kú eré. Kí ni orúkọ ìyá tó bí ọ?" Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo la ẹnu, "hẹ̀ẹ̀" ló jáde. Mo tún un là, "hẹ̀ẹ̀." Orúkọ ìyá mi wà lórí ahọ́n mi, èémí tí yóò gbé e jáde ni kò sí. Obìnrin aláàrò kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹran yìí ń sọ?" Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, igi tó ń rìn rẹ́rìn-ín, mo sì ṣubú lulẹ̀. Ìbídùn kọjá lára mi. Ó ń bojú wẹ̀yìn títí igbó fi gbé e mì.

Bí mo ṣe wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni iwin kan tó ń jẹ́ Onínú-Ẹnu gbóòórùn mi. Kò ní ẹnu lójú, ikùn rẹ̀ ni ẹnu wà, ó sì ní eyín bí ọkọ́. Mo dìde, mo ta bí ọfà, mo fi í sílẹ̀ jìnnà, mo jókòó sábẹ́ igi láti sinmi. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tẹ̀lẹ̀, tẹ̀lẹ̀, bí ẹni tó ń lọ sí ìsìn. Mo tún ta, mo tún jókòó, ó tún dé. Eré mi ń kúrú sí i, ìsinmi mi ń gùn sí i, tirẹ̀ kò yí padà. Níkẹyìn, orúnkún ni mo fi wọ inú ihò àpáta kan, níbi tí obìnrin kan jókòó sí. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí àká, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ìkamùdù, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí ti lékèélékèé. Àyàgbòòrò ni orúkọ rẹ̀. Onínú-Ẹnu dúró lẹ́nu ihò, ó ní, "Ẹran mi ló wọlé sọ́dọ̀ yín." Àyàgbòòrò ní, "Àlejò mi ni." Onínú-Ẹnu ní, "Láti àárọ̀ ló ti ń sáré bíi wèrè, tí á tún jókòó dúró dè mí. Mo rò pé ó fẹ́ràn mi ni." Ó yípadà tìbànújẹ́-tìbànújẹ́, ó lọ. Obìnrin náà wò mí. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, kí lo ń wá?" Mo la ẹnu, kò sí ohùn. Ó ní, "Má tíì sọ ọ́. Mí ná."

Nígbà tí mo lè sọ ọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó wà nínú mi kún un títí omijé fi rin ilẹ̀ ihò náà. Ó ní, "Mo lè kọ́ ọ ní èémí gígùn. Kí lo máa fún mi?" Mo ní ìbọn. Ó ní kí ni òun máa fi ìbọn ṣe. Mo ní awọ ẹkùn. Ó ní òtútù kì í mú òun. Ó ní, "Fún mi ní orúkọ tí wọ́n fi ń yìn ọ́." Ẹ̀yin tó mọ ohun tí orúkọ jẹ́ fún ọdẹ, ẹ bá mi ro ó wò. Mo pọ Mànàmáná sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó gbé e mì. Iná tàn yẹ́ẹ́ ní ihò imú rẹ̀, ó sì kú. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò ní dáhùn.

Ó ní, "Lọ sáré níwájú òkè yẹn, kí o máa kọrin. Bí orin bá já, eré rẹ ti pọ̀ jù nìyẹn. Dín in kù títí orin á fi padà." Mo ní èèwọ̀ ẹgbẹ́ wa kò jẹ́ kí n la ẹnu. Ó ní, "Ta ló wà níbí tí yóò lọ ròyìn rẹ?" Mo bẹ̀rẹ̀. Orin Ìbídùn ni mo ń kọ, kò sì tíì dé ibi tí orúkọ rẹ̀ wà tó fi já. Mo dín eré kù, ó tún já. Mo dín in kù títí ó fi di eré wọ́ọ́rọ́wọ́ tí ẹni tó bá rí mi á rò pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ojú tì mí. Ìgbín kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, ẹ má lọ fara pa." Ní àràárọ̀ ni mo ń ṣe é, ẹnu ṣíṣí, ikùn ń wú, ó sì ń wálẹ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ní ọjọ́ ọjà nìkan ló máa ń gbà kí n ta bí ọfà bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí n ta, kí n sinmi, kí n tún ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọjọ́ ọjà mìíràn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí n máa ta lójoojúmọ́, nígbà tó jẹ́ pé òun ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní, "Iná koríko ni eré rẹ. Ó ń jó, ó dára, mi ò ní kí o pa á. Ààrò ni mò ń mọ sábẹ́ rẹ̀." Ní alaalẹ́ ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n lọ, pé ìfẹ́ ń pa mí. Ó ní, "Ìfẹ́ kọ́, ìkánjú ni. Àyà kì í fẹ̀ nítorí pé wọ́n bẹ̀ ẹ́."

Òjò rọ̀, òjò dá, ọyẹ́ mú, òjò tún padà. Mo wá rí i pé òkè tó máa ń mú mi di orúnkún mú tẹ́lẹ̀, mo ń gùn ún, mo sì ń sọ ìtàn Ìbídùn fún àwọn ọ̀bọ bí mo ṣe ń lọ. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo gbé ọwọ́ lé àyà, ọkàn mi tó máa ń lù kìkìkì bí ẹsẹ̀ adìẹ ti ń lù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí odó obìnrin tí kò kánjú. Eré ọjọ́ ọjà mi pàápàá le ju ti ìgbà Mànàmáná lọ, torí pé bí mo bá ti ta tán, kí n tó pe orúkọ Ìbídùn lẹ́ẹ̀mejì, èémí mi ti balẹ̀, mo lè tún ta. Àyàgbòòrò gbé etí lé ẹ̀yìn mi, ó gbọ́ bó ṣe ń lọ nínú mi. Ó ní, "Ó tó. Máa lọ."

Mo bá wọn ní ìdájí. Ọba náà ní, "Àlejò wa ti padà." Ìbídùn kò sí láàárín èrò mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọba ló wà, ó ń sọ ohun kan fún un tó ń pa àwọn méjèèjì lẹ́rìn-ín. Mo rí i, àmọ́ mo sọ fún ojú mi pé kò rí i. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọdẹ́rìndé, o pẹ́." Mo ní, "Olólùfẹ́ mi, bí a ṣe ń mí ni mo lọ kọ́." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "O ń sáré, o sì ń sọ̀rọ̀." Ó jọ ọ́ lójú púpọ̀.

A bẹ̀rẹ̀. Ọba náà ní, "Kí ni orúkọ ìyá tó bí ọ?" Mo ní, "Ọmọ́dunbí ni, ọmọ alágbẹ̀dẹ," ohùn mi dún ketekete. Ó ní, "Kí ló ń wọlé láì kan ilẹ̀kùn, tí kì í jókòó, tó jẹ́ pé bí ó bá jáde tí kò padà, ilé á wó?" Mo ní, "Èémí ni, kábíyèsí. Mo ti san owó ilé rẹ̀." Obìnrin aláàrò ọjọ́sí ní, "Ẹran náà ti ń sọ èdè." Èmi náà rẹ́rìn-ín, ohùn mi kò já. A gun òkè, a sọ̀kalẹ̀, oòrùn dé àárín orí. Ó ní, "Àlejò wo ló ń tètè dé ju gbogbo àlejò lọ, tí onílé kì í rí kó tó lọ?" Mo mọ̀ ọ́n. Ó korò lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́: "Mànàmáná." Ìbídùn sorí kọ́. Nígbà tí ọba tún sọ̀rọ̀, kò pa àlọ́ mọ́, ó kàn ń béèrè bí ará àdúgbò ṣe ń béèrè. Ó ní, "Kí ni Ìbídùn kì í jẹ?" Mo ronú. Mo ní, "Mi ò mọ̀." Ohùn mi kò já. "Kí ló ń bà á lẹ́rù?" "Mi ò mọ̀." "Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, báwo ló ṣe kú?" Mo ní, "Mi ò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kú." Ẹ gbọ́ o, òfin ni pé kí ohùn má já. Òfin kò ní kí n mọ nǹkan kan. Mo ń borí. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín nínú èrò náà mọ́, obìnrin aláàrò sì ń wo ibòmíràn. Mo ń borí, òtútù sì ń wọ̀ mí lára bí ẹni tó ń wọ odò díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí oòrùn pupa, tí a rí odò lókèèrè, ọba náà ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì sáré fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ẹyẹ fò jáde nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, a ti rìn láti àárọ̀, ẹlòmíràn á ti kú. Ṣùgbọ́n ààrò tí wọ́n mọ fún mi kò tíì tutù, mo da koríko lé e. Mo ta. Ilẹ̀ ń sá lábẹ́ mi, igi ń di okùn lójú mi, mo sì di ìṣẹ́tí ẹ̀wù rẹ̀ mú nígbà tó ku díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan omi. Ó dúró. Gbogbo èrò dúró, iná orí àwọn obìnrin dúró, àwọn igi wá ilẹ̀ fi ẹsẹ̀ wọn sí. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Ìbídùn, ọ̀nà rẹ ṣí."

Mo na ọwọ́ sí i. Mo ní, "Ká máa lọ, ayanfẹ́ mi. Ìyá rẹ ń retí wa." Ó ní, "Jókòó ná." A jókòó sórí àpáta. Ẹ wò ó, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti òun jókòó pọ̀ nìyẹn. Ó ní, "O ṣeun. Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan lè ṣe tó báyìí nítorí mi." Mo ní, "Kò tíì tán." Ó ní, "Nígbà tí o ṣubú lọ́jọ́sí, mo sunkún títí mi ò lè rìn dáadáa mọ́. Ọba dín ìrìn rẹ̀ kù nítorí mi. Gbogbo èrò dín in kù. Ó bi mí pé kí ni mi ò kì í jẹ, kí àwọn tó ń se oúnjẹ lè mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó bi mí ní ohun mìíràn. Láti ìgbà náà ni a ti ń sọ̀rọ̀." Mo ní, "Èmi náà wá sílé yín. Mo gbé ìgalà wá fún ọ." Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "O gbé e wá. Ẹran ìgalà ni mi ò kì í jẹ, Ọdẹ́rìndé. Ìyá mi ló ń jẹ ẹ́."

Ó ní, "Bí o bá ti ní èémí yìí nígbà tí o ń wá sílé wa," kò sì parí rẹ̀. Mo ní, "Mo ti ní i báyìí." Ó ní, "Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn." Ó bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún, ọba náà kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo odò, ó fún wa ní àyè wa. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ dáadáa, kò ṣeé ṣe. Nígbà tí Ìbídùn dìde, ó ní kí n sọ fún ìyá òun pé ẹsẹ̀ òun ti di ti òun, pé ó wu òun fúnra òun láti máa bá wọn lọ, àti pé ní ìgbà ewé eéran, àwọn á máa gba etí igbó kọjá. Ó padà sí ẹ̀gbẹ́ ọba. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo lè bá wọn rìn títí ilẹ̀ á fi mọ́, agbára rẹ̀ wà lára mi. Mo dúró síbi tí mo wà.

Ọjọ́ kejì ni mo dé Òkè-Àparò. Ìyá Ìbídùn ń bó ẹ̀wà níwájú ilé. Ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dá mi dúró títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ṣé ó sanra?" Mo ní, "Ó sanra, ìyá." Ó ní, "Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?" Mo ní, "Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kí n tó rí i." Ó bó ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?" Mo ní, "Àyà mi le koko, mo lè sáré láti ibí dé Ìbàdàn." Ó ní, "Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn." Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí ọ̀dọ̀ mi, ó sún abọ́ ẹ̀wà sí àárín àwa méjèèjì. Ó ní, "Jókòó. Kí ni ìwọ náà kì í jẹ?" Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi gbé ìtàn yìí dé nìyẹn. Ẹni tí ẹnìkan ń retí nílé nínú yín, kó dìde, kó máa lọ. Mi ò ní kó sáré. Kó ṣáà lọ, kó jókòó tó bá débẹ̀.